Ààrò Mẹ́ta Kì í Da Ọbẹ̀ Nù: Ẹ̀kọ́ Lórí Òfin Gáàsì Ìdáná ní Ìlú Berkeley

Ní oṣù Keje ọdún 2019, ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso ìlú Berkeley, ní ìpínlẹ̀ California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe òfin kan tí irú rẹ̀ kò tíì sí rí ní ilẹ̀ náà. Òfin náà pàṣẹ pé, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2020 lọ, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé tuntun ní ìlú náà kò gbọdọ̀ ri páìpù gáàsì sínú rẹ̀ mọ́. Iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì ni kí wọ́n fi máa dáná nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, òun ni kí wọ́n fi máa mú omi gbóná, òun náà ni kí wọ́n sì fi máa lé òtútù jáde. Òfin náà kò kan ilé tí wọ́n ti kọ́ tẹ́lẹ̀, kò sì rán ẹnikẹ́ni láti lọ yọ sítóòfù kúrò ní ilé onílé. Síbẹ̀, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, kò sì pé ọdún márùn-ún tí ìlú náà fi gbà láti fa òfin rẹ̀ ya.

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ọ̀rọ̀ Berkeley yìí jẹ́ ìkòkò tí ó ní láti jókòó lórí ààrò mẹ́ta. Èkínní ni ìlera àwọn tí ń gbé inú ilé; èkejì ni iṣẹ́ àwọn tí ń se oúnjẹ tà; ẹ̀kẹta ni agbára wáyà tí ń gbé iná wá sí ìlú. Ó yẹ kí òǹkàwé yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kí ó tó gbọ́ bí ẹjọ́ náà ti parí.

ÀÀRÒ KÌÍNÍ: ÌLERA

Ní Amẹ́ríkà, gáàsì ìdáná kì í sábà wá nínú sílíńdà. Páìpù abẹ́ ilẹ̀ ni ó ń gbà wọ ilé, gẹ́gẹ́ bí omi ẹ̀rọ ti ń wọlé, bí ilé 38 nínú 100 ni ó sì ń fi í dáná. Nígbà tí gáàsì yìí bá ń jó, ó ń tú kábọ́nì sínú òfuurufú, èyí tí ó wà lára ohun tí ń mú kí ayé máa gbóná sí i. Èyí tí kò jó, tí ó kàn jò jáde lásán, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé methane ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ooru tí methane sì ń ká mọ́ ayé pọ̀ ju ti kábọ́nì lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford wọn èyí tí ń jò láti ara sítóòfù inú ilé. Wọ́n rí i pé èyí tí ó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ ni ó ń jò nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tan sítóòfù rárá.

Iná gáàsì kò ní èéfín tí ojú ń rí, ṣùgbọ́n ó ní èyí tí ẹ̀dọ̀fóró ń mọ̀. Nitrogen dioxide ni orúkọ ọ̀kan nínú wọn; a máa ta ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá ti àwọn ọmọdé tí ó ní ikọ́ fée. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìṣirò jáde pé ikọ́ fée ọmọdé bí 12.7 nínú 100 ní Amẹ́ríkà ni a lè so mọ́ sítóòfù gáàsì. Àwọn mìíràn takò ó, wọ́n ní ìṣirò nìkan kò tó láti fi hàn pé gáàsì ni ó fa àìsàn náà. Ibi tí ìhà méjèèjì ti fi ẹnu kò ni pé, bí ènìyàn bá ń fi gáàsì dáná, kí ó ṣí fèrèsé, tàbí kí ó tan ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ jáde sí ìta.

ÀÀRÒ KEJÌ: IṢẸ́ ALÁSÈ

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, ẹgbẹ́ àwọn onílé-oúnjẹ ní California pe ìlú Berkeley lẹ́jọ́. Wọ́n ní oúnjẹ kan wà tí kò ṣeé sè bí ó ti yẹ láìsí ahọ́n iná: ẹran tí iná gbọ́dọ̀ lá lára, ata àti ẹ̀fọ́ tí a fẹ́ sun kí ara rẹ̀ dúdú, àti oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n ń yí nínú wok.

Ọ̀rọ̀ wok yìí kò ní ṣòro fún ẹni tí ó mọ agbada aláàkàrà. Ìdí rẹ̀ kò tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ṣe roboto. Nínú ilé-oúnjẹ Ṣáínà, ojú iná kan ṣoṣo tí wọ́n gbé agbada bẹ́ẹ̀ lé lè tú ooru tí ó tó 30 kílówáàtì jáde, nígbà tí ojú iná kan lórí sítóòfù ilé kì í sábà ju 5 kílówáàtì lọ. Iná náà ń gun ẹ̀gbẹ́ agbada, alásè ń ju oúnjẹ sókè, ó sì ń gbà á padà, oúnjẹ a jinná láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, adùn pàtàkì kan a sì wọ inú rẹ̀. Ẹni tí ó ti fi ogún ọdún kọ́ iṣẹ́ yìí kò lè gbọ́ pé kí ó fi iná sílẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ má dàrú.

Ṣùgbọ́n sítóòfù ẹ̀lẹ́ńtíríìkì òde òní kì í ṣe irú ti àtijọ́ tí wáyà rẹ̀ ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Nínú irú tuntun, wáyà bàbà tí a ká róbótó wà lábẹ́ dígí. Nígbà tí iná bá ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó ń di òòfà tí ń yí padà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Òòfà yìí ni ó ń ru iná sókè nínú irin ìdí ìkòkò, tí ìkòkò fúnra rẹ̀ fi ń gbóná. Ìkòkò amọ̀ kò lè gbóná lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìkòkò alumíníọ́mù lásán. Ẹni tí ó bá fẹ́ dán ìkòkò rẹ̀ wò, kí ó fi òòfà kan ìdí rẹ̀: bí òòfà bá lẹ̀ mọ́ ọn, ìkòkò náà yóò ṣiṣẹ́.

Èrè wà nínú irú sítóòfù yìí. Bí a bá pín agbára tí ó ń lò sí ọ̀nà 100, bí 85 ni ó ń wọ inú ìkòkò. Ti gáàsì kò ju bí 32 lọ. Ìyókù ń lọ sí ara alásè àti sínú afẹ́fẹ́ yàrá. Wọ́n ti ṣe èyí tí ó ní kòtò fún wok pẹ̀lú. Ohun tí ó kù fún onílé-oúnjẹ láti rò ni owó sítóòfù tuntun, owó ìkòkò tuntun, owó wáyà tí ó nípọn jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, àti àkókò tí yóò fi kọ́ ọwọ́ àwọn alásè rẹ̀.

ÀÀRÒ KẸTA: AGBÁRA WÁYÀ

Iná tí wọ́n mú kúrò nínú ilé ìdáná kò tíì kú; ó ṣí lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pèsè ẹ̀lẹ́ńtíríìkì. Ní ọdún 2022, bí 40 nínú 100 ẹ̀lẹ́ńtíríìkì Amẹ́ríkà ni wọ́n fi gáàsì pèsè. Nítorí náà ó yẹ kí òǹkàwé ṣe ìṣirò kékeré kan.

Kí á mú gáàsì tí ooru rẹ̀ jẹ́ 100. Bí ó bá jó lórí sítóòfù, 32 ni yóò wọ inú ìkòkò. Bí ó bá jó nínú ẹ̀rọ ìpèsè iná tuntun tí ó dára, bí 55 yóò di ẹ̀lẹ́ńtíríìkì. Díẹ̀ yóò ṣòfò lójú wáyà, yóò ku 52. Lórí sítóòfù olóòfà, 44 yóò wọ inú ìkòkò. Èrè nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ àtijọ́ tí ń sọ 33 péré di ẹ̀lẹ́ńtíríìkì, yóò ku 31 lójú wáyà, kìkì 27 ni yóò sì dé inú ìkòkò. Àdánù nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ oòrùn, omi tàbí afẹ́fẹ́ ni ó pèsè iná náà, kò sí gáàsì tí ó jó rárá. Sítóòfù kan náà ni. Ibi tí iná rẹ̀ ti wá ni ó ń sọ bóyá ó dára tàbí kò dára.

Lẹ́yìn ìpèsè ni gbígbé. Bí ilé-oúnjẹ kan bá ní ojú iná mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 5 kílówáàtì, 30 kílówáàtì ni gbogbo rẹ̀. Ìyẹn dàbí ẹni pé wọ́n tan ọgbọ̀n áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí irú ilé-oúnjẹ bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá bá wà ní òpópónà kan, tíránsífọ́mà àdúgbò náà gbọ́dọ̀ tóbi sí i, owó rẹ̀ yóò sì ti ọwọ́ ẹnìkan jáde.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Ìrọ̀lẹ́ ni oníbàárà ń pọ̀ ní ilé-oúnjẹ, ìrọ̀lẹ́ náà sì ni oòrùn tí ń pèsè iná California ń wọ̀. Ní ọjọ́ 14 àti 15 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, nígbà tí ooru mú gidigidi, àwọn alábòójútó iná ní ìpínlẹ̀ náà ń pa iná àdúgbò kan tẹ̀lé òmíràn, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ láti ọdún 2001. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, iná tí àwọn ènìyàn ń lò lẹ́ẹ̀kan náà ga ju ti ìgbàkígbà rí lọ, ó ju 52,000 mẹ́gáwáàtì lọ. Ìjọba fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sórí tẹlifóònù wọn pé kí wọ́n pa ohun tí wọn kò bá nílò. Wọ́n gbọ́, wọ́n pa á, wáyà kò sì já.

Òdodo ni pé oúnjẹ sísè kọ́ ni ó wúwo jù lọ́rùn wáyà. Ìtútù ilé nígbà ooru àti ìmóoru ilé nígbà òtútù ni ó ń gba iná jù lọ. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé gáàsì dá dúró fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, òtútù líle bo ìpínlẹ̀ Texas. Yìnyín dí kànga àti páìpù gáàsì, ẹ̀rọ ìpèsè iná tí ń jó gáàsì sì dákẹ́. Iná tí ó lọ tún dá ẹ̀rọ tí ń ti gáàsì lójú páìpù dúró. Bí ojú bá ń sunkún, imú a máa bá a sun. Ju ilé mílíọ̀nù mẹ́rin lọ ni ó wà nínú òkùnkùn, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ka òkú 246. Nínú ilé-oúnjẹ pàápàá, bí iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì bá lọ, ẹ̀rọ tí ń fa èéfín jáde yóò dúró, kò sì tọ́ kí wọ́n máa dá iná gáàsì ńlá lọ nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀.

BÍ ẸJỌ́ NÁÀ TI PARÍ

Ní ọdún 2021, adájọ́ àkọ́kọ́ dá Berkeley láre. Àwọn onílé-oúnjẹ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 2023, adájọ́ mẹ́ta dá wọn láre. Àwọn adájọ́ náà kò sọ pé gáàsì dára fún ìlera, wọn kò sì sọ pé wáyà kò lágbára tó. Ohun tí wọ́n sọ ni pé òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1975 kò gba ìlú tàbí ìpínlẹ̀ láyè láti pàṣẹ lórí irú agbára tí ohun èlò ilé ń lò, àti pé ẹni tí ó ka páìpù gáàsì léèwọ̀ ti ka sítóòfù rẹ̀ léèwọ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ náà kọ̀ láti tún ẹjọ́ gbọ́. Ní oṣù Kẹta, Berkeley gbà láti pa òfin rẹ̀ rẹ́.

Ìlú New York gba ọ̀nà mìíràn. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 kan ilé tuntun, ṣùgbọ́n ó yọ ilé ìdáná àwọn tí ń se oúnjẹ tà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe ìlú náà lẹ́jọ́, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan dá a láre ní ọdún 2025, ó sì yapa kúrò lójú ọ̀nà ìdájọ́ ti Berkeley.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á RÍ KỌ́

Òfin Berkeley kò kan Nàìjíríà. Igi ìdáná ni ọ̀pọ̀ ilé ṣì ń lò níbẹ̀, èéfín igi sì burú fún ẹ̀dọ̀fóró ju ti gáàsì lọ; ìyàwó ilé tí ó bọ́ kúrò nídìí igi dé ìdí gáàsì ti gbé ìgbésẹ̀ rere. Ṣùgbọ́n ìbéèrè Berkeley kan gbogbo ayé. Ilé-iṣẹ́ iná ńlá ti Egbin, ní agbègbè Ìkòròdú, gáàsì ni ó ń jó. Ní ọdún 2024, ìgbà púpọ̀ sì ni iná gbogbo orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí àwọn ènìyàn fi ẹ̀lẹ́ńtíríìkì dáná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ibi tí iná náà yóò ti wá, wáyà tí yóò gbé e, àti ẹni tí yóò san owó rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí gáàsì dúró gbọ́dọ̀ sọ bí afẹ́fẹ́ inú ilé yóò ṣe mọ́ fún ọmọdé. Ẹni tí ó bá yọ ààrò kan, kí ó ní òmíràn lọ́wọ́ kí ọbẹ̀ tó dànù.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ ÒǸKÀWÉ

1. Irú ilé wo ni òfin Berkeley kàn, irú ilé wo ni kò sì kàn?
2. Kí ni ó ń mú ìkòkò gbóná lórí sítóòfù olóòfà? Èwo nínú ìkòkò ilé yín ni yóò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀?
3. Nígbà wo ni fífi ẹ̀lẹ́ńtíríìkì dáná ń dín gáàsì tí ń jó kù, nígbà wo ni ó sì ń fi kún un?
4. Lórí kí ni àwọn adájọ́ mẹ́ta gbé ìdájọ́ wọn kà?