Kòtò Gáàsì Wa Ò Kárí Wa Mọ́

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin onímọ̀ ẹ̀rọ, ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni mò ń tà ní ọjà Sandaga ní Douala, New Bell la sì ń gbé. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, àwa ilé méjìlá dáwó jọ, a gbẹ́ kòtò gáàsì kan tó gba lítà 20,000. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìdọ̀tí ọjà là ń dà sí i, gáàsì rẹ̀ la fi ń dáná. Ṣùgbọ́n àwọn ará tuntun ti kó dé, a ti di ilé ogójì. A wá ń da ìlọ́po méjì ìdọ̀tí sí i kó lè kárí, àmọ́ ṣe ni iná náà ń kú lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ní ká dí kòtò náà pa, ká ra ẹ̀rọ tó ń sun ìdọ̀tí di iná mànàmáná bíi ti Addis Ababa. Ọkọ mi ní ká gbẹ́ kòtò ńlá kan ṣoṣo. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?

Ìyá Ọlọ́sàn, New Bell

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, kí n tó dá sí ọ̀rọ̀ ọkọ yín àti tàwọn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ síbi tí omi kòtò yẹn ń gbà jáde, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń ta yín nímú bí omidùn ògì tí wọ́n gbàgbé sílẹ̀, kòtò yín ti kan nìyẹn. Àyẹ̀wò tèmi kò lè ju ti imú yín lọ.

Àwọn kòkòrò tíntìntín tójú ò lè rí ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn kan ń jẹ èèpo, wọ́n ń sọ ọ́ di omi kíkan. Àwọn mìíràn ń jẹ omi kíkan yẹn, wọ́n ń sọ ọ́ di gáàsì. Àwọn ti àkọ́kọ́ yára, àwọn ti ìkejì ń fà. Tí oúnjẹ bá ti pọ̀ jù, omi kíkan náà á bo àwọn tó ń ṣe gáàsì mọ́lẹ̀, á sì máa pa wọ́n. Ẹ ti rí ewúrẹ́ tó já wọ inú àpò àgbàdo rí: ikùn á wú gbandi, ẹran ò sì ní lè dìde. Bí kòtò yín ṣe rí lónìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Nílẹ̀ gbígbóná bíi tiyín, ó dára kí ìdọ̀tí lo nǹkan bí ogójì ọjọ́ nínú kòtò. Ẹ pín lítà 20,000 sọ́nà ogójì, lítà 500 lóòjọ́ nìyẹn. Ìdajì rẹ̀ omi, ìdajì rẹ̀ ìdọ̀tí: bíi kílò 250. Gáàsì ibẹ̀ á tó ilé méjìlá dáná, bóyá kó ṣẹ́ kù díẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ kòtò yín mọṣẹ́. Nígbà tí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, lítà 1,000 ń wọlé, lítà 1,000 ń jáde, ogún ọjọ́ péré ni ìdọ̀tí ń lò. Oúnjẹ ń jáde kí àwọn kòkòrò tó jẹ ẹ́ tán, àwọn tó ń ṣe gáàsì, tí bíbí wọn kì í yá, sì ń bá a ṣàn lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó kàn yín gan-an, ẹ má bínú. Òróró inú èèpo ọsàn, èyí tó máa ń ta sí yín lójú tí ẹ bá ń bó o, májèlé ni fún àwọn kòkòrò yẹn. Díẹ̀ ò burú. Apẹ̀rẹ̀ kan lójoojúmọ́ ti pọ̀ jù.

Ẹ má da ìdọ̀tí kankan sí kòtò yín fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ rán ọmọ lọ sí odò ẹran, kó bu ìgbẹ́ màlúù tútù wá, kí ẹ pò ó mọ́ omi, kí ẹ dà á sí i. Ẹ bu eérú igi tí ẹ ti jọ̀ sí i díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa da korobá ìdọ̀tí méjì méjì sí i lójúmọ́, títí iná á fi máa jó ní àwọ̀ búlúù. Ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ inú kòtò, kódà bó bá ti gbẹ. Gáàsì ibẹ̀ máa ń pani.

Ní ti àwọn ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe àlá. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, òkìtì ìdọ̀tí Koshe ní Addis Ababa ya lulẹ̀, ó pa èèyàn tó ju 110 lọ. Lọ́dún 2018 ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ Reppie sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ṣe kó lè máa sun 1,400 tọ́ọ̀nù ìdọ̀tí lóòjọ́, ní nǹkan bí 120 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹ ò nílò rẹ̀. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó, omi ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó bá ti fi igi tútù dáná rí mọ bó ṣe máa ń rí. Bó bá jẹ́ iná mànàmáná ló wù wọ́n, kí wọ́n wo Ashaiman ní Gánà, níbi tí ilé iṣẹ́ Safi Sana ti ń fi ìgbẹ́ ilé ìyàgbẹ́ àti ìdọ̀tí ọjà ṣe gáàsì. Ilé iṣẹ́ gidi ni, síbẹ̀ kílówáàtì 100 péré ni ẹ̀rọ iná rẹ̀. Ẹ máa fi tiyín se oúnjẹ.

Ọkọ yín sún mọ́ òótọ́. Kòtò mẹ́ta tó ṣe déédéé ló máa tó ilé ogójì, àmọ́ kí ẹ gbẹ́ méjì sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́, kì í ṣe ọ̀kan ràgàjì. Bí ọ̀kan bá kan, méjì á ṣì máa jó. Ilẹ̀ New Bell náà wà níbẹ̀: ẹ gbẹ́ ẹ díẹ̀, omi ti yọ. Òjò Douala lọ́dún kan sún mọ́ mílímítà 4,000, bí ìlọ́po méjì ti Èkó. Kòtò ńlá tó ṣófo nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè léfòó bí ọkọ̀ ojú omi, kó sì sán. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ni kí ẹ kọ́ wọn, kí ẹ sì rọ omi sí wọn kí òjò tó dé.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì ra sìmẹ́ńtì. Kòtò mẹ́ta á máa jẹ kílò 750 lójoojúmọ́, Sunday àti ọdún pẹ̀lú. Ta ló máa ṣà á, tí ò ní fi ọ̀rá àti bátìrì kún un? Ta ló máa sanwó ọlọ́mọlanke tó máa kó o láti Sandaga? Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan wọn ìdọ̀tí yẹn wò. Lítà 1,500 omi dúdú á sì máa jáde lóòjọ́. Tó bá lọ sí gọ́tà, ẹ̀yin àti olórí àdúgbò á máa fà á. Ní Songhai, oko ẹ̀kọ́ tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ́dún 1985, irú omi bẹ́ẹ̀ kì í ṣòfò, oko ló ń lọ. Ẹ wá àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́, kí ẹ bá wọn ṣàdéhùn ṣáájú.

Àti èèpo ọsàn yín: ẹ sá a sí oòrùn lọ́jọ́ tí òjò bá gbà yín láyè, kí ẹ máa sun ún nírọ̀lẹ́. Ẹ̀fọn ò fẹ́ràn èéfín rẹ̀.