Orúkọ Kan, Iṣẹ́ Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Àwọn Jíìnì lpa Inú Ọkà

Ní kíláàsì fonọ́lọ́jì, kì í pẹ́ tí a fi ń bá ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ pàdé. Bí a bá yọ àmì ohùn kúrò, bákan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rí lójú ìwé, síbẹ̀ kò sí ẹni tó máa wọ ọkọ́ lọ sí Ìbàdàn. Àwọn onímọ̀ jíìnì irúgbìn náà ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta ni: lpa. Ìkékúrú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan ni, ó sì túmọ̀ sí pé ásíìdì fáítíìkì kò pọ̀ nínú irúgbìn. Orúkọ yìí ń sọ ohun tí a rí nínú ọkà. Kò sọ iṣẹ́ tí jíìnì ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì.

Kí ni ásíìdì fáítíìkì?

Irúgbìn kò lè dìde lọ wá oúnjẹ, nítorí náà ó máa ń kó fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pamọ́ de ọjọ́ tí yóò hù. Ó ń mú èròjà kan tó ń jẹ́ inositol, ó sì ń so fọ́sífétì mẹ́fà mọ́ ọn. Àpapọ̀ wọn ni ásíìdì fáítíìkì. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú ọkà ló wà níbẹ̀. Nígbà tí irúgbìn bá ń hù, ẹ́ńsáìmù tí à ń pè ní phytase á tú u palẹ̀.

Ẹni tó ń jẹ ọkà ni wàhálà bá. Phytase inú ikùn ènìyàn, ẹlẹ́dẹ̀ àti adìyẹ kò tó nǹkan. Ásíìdì yìí á di irin àti síǹkì inú oúnjẹ mú, wọn á sì bá ìgbẹ́ jáde. Ọmọdé tó jẹ́ pé ọkà ni ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀ lè tipa bẹ́ẹ̀ di ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Àwọn ìyá wa ti ní ọgbọ́n kan fún un: bí a bá rẹ àgbàdo tí a sì jẹ́ kí ògì kan, ásíìdì náà máa ń dín kù. Àmọ́ bí a ṣe ń sẹ́ ògì, díẹ̀ nínú irin àti síǹkì ń bá èèrí lọ.

lpa mẹ́ta inú àgbàdo

Ní àwọn ọdún 1990, Victor Raboy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàwárí àgbàdo lpa1 àti lpa2. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú wọn kò dín kù. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló kàn wà nínú ásíìdì fáítíìkì. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 1998, àwọn tó jẹ tòtíyà tí wọ́n fi irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ ṣe gba ìdá 8.2 nínú ọgọ́rùn-ún irin inú rẹ̀ sára. Ti àgbàdo lásán jẹ́ 5.5.

Nígbà tó yá, a mọ iṣẹ́ jíìnì kọ̀ọ̀kan. lpa3 ló ń ṣe ẹ́ńsáìmù tó ń so fọ́sífétì àkọ́kọ́ mọ́ inositol. lpa2 ń ṣe ẹ́ńsáìmù tó ń so àwọn tó tẹ̀ lé e. lpa1 kì í so nǹkan kan rárá: alárù ni, òun ló ń gbé ásíìdì tó ti parí lọ sínú àká inú sẹ́ẹ̀lì. Bí a bá wá kúrò lórí àgbàdo lọ sórí ìrẹsì, lpa1 ibẹ̀ kì í ṣe alárù. Ó jọ ẹ́ńsáìmù. Ọkọ́ àti ọkọ̀ nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àgbẹ̀

Ọkà àgbàdo lpa1 sábà máa ń fúyẹ́, kì í sì í hù dáadáa tó àgbàdo lásán. Àgbẹ̀ wo ni yóò gbin ìyẹn? Ẹni tó bá mọ orúkọ nìkan lè sọ pé ọ̀nà ti dí. Ẹni tó bá mọ̀ pé alárù ni yóò béèrè pé: níbo ló tún ti ń ṣiṣẹ́? Kì í ṣe inú irúgbìn nìkan ni. Ewéko náà ń lò ó níbòmíràn. Ní 2007, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà pa alárù náà lẹ́nu mọ́ nínú ọlẹ̀ irúgbìn nìkan, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú ásíìdì fáítíìkì àgbàdo ń gbé. Ásíìdì náà dín kù, ọkà wúwo bó ṣe yẹ, ó sì hù. Ọgbọ́n yìí kò ní ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ìrẹsì tàbí àlìkámà, nítorí abẹ́ èèpo ni púpọ̀ nínú tiwọn wà.

Iṣẹ́ tiwa

Àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ni wọn yóò pè láti túmọ̀ irú ọ̀rọ̀ yìí fún àgbẹ̀ àti ìyá ọlọ́mọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a pe ásíìdì fáítíìkì ní májèlé. Àjẹmọ́nú irúgbìn ni, ohun tó fi pamọ́ de ọ̀la ara rẹ̀. Bí ẹ bá sì rí lpa níbikíbi, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun méjì kí ẹ tó túmọ̀ rẹ̀: ọkà wo ni, iṣẹ́ wo sì ni jíìnì náà ń ṣe nínú rẹ̀?