Àkànní, Ìyẹn Kì Í Ṣe Ọfúsáìdì

Àkànní, wá jókòó síbí. Jókòó jàre, mi ò ní jẹ ẹ́.

Gbogbo Alajue ló gbọ́ ohùn ẹ lálẹ́ àná. Ò ń pariwo ọfúsáìdì, ò ń ṣépè fún rẹfirí tí kò mọ̀ pé ìlú kan ń jẹ́ Ẹdẹ. Mo wà nídìí àkàrà mi lẹ́nu ọ̀nà ibi ìwòran yẹn, mo rí i láti ojú fèrèsé. Wọ́n fọwọ́ ju bọ́ọ̀lù wọlé láti ẹ̀gbẹ́ pápá ni! Kò sí ọfúsáìdì fún ẹni tó bá gba irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀, ì báà dúró ti gòlìkípà. Kò sí fún kọ́nà náà. Ò ń fowó ta tẹ́tẹ́ lórí ohun tí o ò mọ òfin ẹ̀, ọmọ yìí!

Mo fẹ́ là á yé ẹ, o ní, "Àǹtí, ẹ máa dín àkàrà yín." Ó dáa. Ife Áfíríkà mélòó lẹ̀yin ọkùnrin gbà fún Nàìjíríà? Mẹ́ta péré: 1980, 1994, 2013. Èyí tí àwọn obìnrin gbà ní Mòrókò ní 2025 ló ṣìkẹwàá tiwọn. Mòrókò ti gbá méjì wọlé, àwọn ọmọ wa dá mẹ́ta padà fún wọn, nílé onílé o! Kí n máa dín àkàrà, àbí?

Gbọ́. Ìgbà tí ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù síwájú kan bọ́ọ̀lù ni kí o wo ibi tí ẹni tó fẹ́ gbà á wà, kì í ṣe ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Tó bá ti kọjá ìdajì pápá, tó wà níwájú bọ́ọ̀lù, tí kò ku ọ̀tá méjì tó bá a dọ́gba tàbí tó wà láàárín òun àti ilé wọn, ó ti wà níbi tí kò yẹ. Gòlìkípà sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, tí kò bá dá sí eré, kò tíì ṣẹ̀. Wọn ò kàn fẹ́ kí ẹnì kan lọ lúgọ síwájú ilé, bí ọmọ tó ti jókòó ti àwo kí wọ́n tó gbé ọbẹ̀ kaná.

Ó le jù báyìí lọ tẹ́lẹ̀. Ilé ọtí kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ ìpàdé tó bí òfin bọ́ọ̀lù ní 1863, bẹ́ẹ̀ ni, ilé ọtí. Ẹni tó bá wà níwájú bọ́ọ̀lù nígbà yẹn kò gbọdọ̀ dá sí i rárá. Ní 1866, wọ́n ní kí ọ̀tá mẹ́ta ṣáà ti wà níwájú ẹ̀. 1925 ni wọ́n sọ ọ́ di méjì, gòólù wá pọ̀.

Ò ń forúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù òyìnbó búra, ṣùgbọ́n ṣé o mọ Teslim Balogun, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní Thunder? Pápá tó wà ní Sùúrùlérè, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi sọ. Ní 1949, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wọkọ̀ ojú omi lọ Ìlú Ọba, ẹsẹ̀ lásán ni púpọ̀ nínú wọn fi gbá bọ́ọ̀lù. Márùn-ún sí méjì ni wọ́n na ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Marine níbẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán! Ìwọ tí o ní bàtà bọ́ọ̀lù mẹ́ta lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ní 1976 tí Shooting Stars Ìbàdàn gba ọ̀kan nínú àwọn ife ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà, rélùwéè ni bàbá ẹ wọ̀ láti Ẹdẹ níbí lọ wo Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti Múdà Lawal. Bi í léèrè, á sọ ọ́ fún ẹ tí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ó ku kan. Gòlìkípà tó fọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù tí ẹnìkejì ẹ̀ dìídì fẹsẹ̀ gbá sí i, tí o ní rẹfirí ṣe ojúsàájú? Láti 1992 ni wọ́n ti fòfin de ìyẹn. Dìde, bá mi gbé agbada yẹn wọlé.