Ìṣirò Èrè fún Ẹni tí ó ń Tajà lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹni tí ó bá tajà ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ a máa gba owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá yọ iye tí ọjà ná an àti owó ọkọ̀ kúrò, èyí tí ó kù ni èrè. Ìṣirò yìí kò tó fún ẹni tí ó gbé ọjà lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní ọdún 2012. Nípasẹ̀ irú ilé ọjà bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó wà ní Àkúrẹ́ tàbí ìlú Oǹdó lè tajà fún ará Kánò láìkúrò nílé. Ṣùgbọ́n ilé ọjà bẹ́ẹ̀ a máa yọ kọmíṣọ́ọ̀nù kí ó tó san owó fún ọlọ́jà. Iye tí wọ́n ń yọ kò dọ́gba lórí gbogbo irú ọjà. Ohun tí ó yẹ kí á fi sọ́kàn jù lọ ni pé orí iye tí a ta ọjà ni wọ́n ti ń yọ ọ́, kì í ṣe orí èrè.

Ẹ jẹ́ kí á fi obìnrin kan tí ó ń fi àdín àti eérú èèpo kòkó ṣe ọṣẹ dúdú ní ìlú Oǹdó ṣe àpẹẹrẹ. Èlò ọṣẹ ike kan ná an ní ₦1,000. Ike náà àti ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ọn, ₦250. Ìpín rẹ̀ nínú owó ọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ láti fi ọjà ránṣẹ́, ₦150. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,400. Ó tà á ní ₦2,000, ó sì rò pé òun jèrè ₦600.

Bí kọmíṣọ́ọ̀nù bá jẹ́ ₦15 nínú ₦100, ₦300 ti lọ. Owó orí tí à ń pè ní VAT, tí ó jẹ́ ₦7.50 nínú ₦100 láti oṣù kejì ọdún 2020, yóò mú ₦22.50 lórí kọmíṣọ́ọ̀nù náà. Owó tí ó wọlé jẹ́ ₦1,677.50. Nítorí náà, ₦277.50 péré ni èrè.

Oníbàárà sì lè dá ọjà padà. Bí ó bá fi mẹ́wàá ránṣẹ́, tí ọ̀kan bàjẹ́ tí ó sì padà, tí ilé ọjà kò tilẹ̀ gba kọmíṣọ́ọ̀nù lórí rẹ̀, mẹ́sàn-án yóò mú ₦15,097.50 wá. Mẹ́wàá ti ná an ní ₦14,000. Èrè rẹ̀ di ₦1,097.50. Bí méjì bá padà, ₦13,420 ni yóò wọlé, yóò sì pàdánù ₦580. Ẹni tí ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti fi ṣòwò yóò di ajigbèsè, bí ọjà rẹ̀ tilẹ̀ ń tà wàràwàrà.

Báyìí ni kí ó ti dá iye lé ọjà. Nínú ₦100, kọmíṣọ́ọ̀nù àti owó orí yóò mú ₦16.13. Bí ó bá fẹ́ ₦20 fún èrè, ₦63.87 ni ó kù fún ìnáwó. Kí ó fi 63.87 pín 1,400, kí ó sì sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún: ₦2,192 ni. Kí ó tà á ní ₦2,200, kí ó sì di ọjà rẹ̀ dáradára kí ó má baà bàjẹ́ lọ́nà.

Bí àwọn tí ń ta irú ọṣẹ yìí bá ń tà á ní iye tí ó kéré sí èyí, kí ó kọ́kọ́ wo ibi tí ó ti lè dín ìnáwó kù. Bí kò bá sí, ó sàn kí ó tà á ní ọjà ìlú.