Àgbò Tó Tàdí Mẹ́yìn: Ẹ̀kọ́ Lára Philip Guston

Bí àgbò bá tàdí mẹ́yìn, agbára ni ó lọ mú wá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ Philip Guston, ayàwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà, rí. Ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960, àwòrán tí kò jọ ènìyàn, tí kò jọ ẹranko, àwọ̀ lásán, ni ó fi gba orúkọ. Nígbà tí ó di 1966, ó pa ọ̀dà tì. Fún nǹkan bí ọdún méjì, ilà ni ó ń fà lórí bébà, nígbà mìíràn ẹyọ kan ṣoṣo.

Ní 1968, ó padà sí ọ̀dà. Ohun tí ó wà nítòsí ni ó ń yà sórí pákó kéékèèké: bàtà, ìwé, aago. Láti ibẹ̀ ni ó ti dé orí àwọn Ku Klux Klan tí ń fi ìbòrí bojú. Nígbà tí ó pàtẹ wọn ní New York ní 1970, àwọn lámèyítọ́ bẹnu àtẹ́ lù ú. Kò yí padà títí ó fi kú ní 1980. Lónìí, iṣẹ́ ìgbẹ̀yìn yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán ń tọ́ka sí.

Kí ni a rí kọ́? Ẹni tí ó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, kí ó má wulẹ̀ máa wá ọwọ́ àná kiri. Kí ó bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, kí ó sì mọ̀ pé ẹni tó dá àrà tuntun kò lè ṣàìgbọ́ èébú.