Níbo Ni Ọmọ Tẹ̀ẹ́tẹ́ Yóò Ti Ṣeré Lórí Omi?

Ìyá kan tó ń yan ẹja ní Ayétòrò, létí òkun Ìlàjẹ, kọ̀wé sí ojú ìwé yìí nípa ọmọkùnrin rẹ̀ tó pé oṣù mẹ́rìndínlógún. Ọmọ náà ti ń rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbélẹ̀ mọ́. Orí òpó ni ilé wọn wà, omi ló wà lábẹ́ rẹ̀, afárá onípákó tó kọjá níwájú ilé kò sì ní ohunkóhun lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó lè dá ọmọ dúró. Nítorí náà, ìyá máa ń pọ̀n ọ́n láti àárọ̀ títí ẹ̀yìn á fi máa ro ó. Bí kò bá pọ̀n ọ́n, á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn sínú yàrá. Ẹnìkan ti fún un ní ìwé àwọn eré tó yẹ ọmọdé: kí ọmọ máa gbẹ́ iyanrìn, kó máa sáré lórí koríko, kó máa gun kẹ̀kẹ́ kékeré. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni èwo nínú ìwọ̀nyí ló ṣeé ṣe níbi tí kò sí ilẹ̀.

Ìbéèrè náà tọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn lórí eré ọmọdé ló gbà pé gbogbo ilé ló ní àgbàlá, bẹ́ẹ̀ etí òkun Ìlàjẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Láti apá ìlà-oòrùn Lẹ́kí lọ dé ẹnu odò Benin, ẹrẹ̀ ló pọ̀ létí òkun, kì í ṣe iyanrìn funfun tí àwọn ará Èkó ń lọ jókòó sí lọ́jọ́ ọdún. Nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ Ayétòrò dó lọ́dún 1947, ilẹ̀ ṣì wà láàárín ìlú àti òkun. Òkun ti ń jẹ ilẹ̀ náà láti ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ti gbé ilé gbígbé, ó ti gbé ilé ìwé, ọ̀pọ̀ ibi tí àwọn òbí òde òní ti sáré kiri ní kékeré wọn ló sì ti bọ́ sínú omi.

Síbẹ̀, ara ọmọ kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti tán. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ó ní kí ọmọ ọdún kan àti ọdún méjì máa lo ara wọn fún wákàtí mẹ́ta, ó kéré tán, lójúmọ́, kí wọ́n má sì dè wọ́n mọ́ ojú kan, ìbáà jẹ́ orí àga tàbí ẹ̀yìn ìyá, ju wákàtí kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Wákàtí mẹ́ta yìí kì í ṣe eré ìje. Gígun àpótí, títi garawa, ijó, bíbẹ̀rẹ̀ láti mú nǹkan nílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wọ inú ìṣirò, ó sì lè jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ohun kan tún wà nípa ẹ̀yìn ìyá tí lẹ́tà náà kò mẹ́nu kàn. Ẹni tó ń yan ẹja ń fa èéfín símú, ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń fà á pẹ̀lú. Èéfín igi wà lára ohun tó ń fa òtútù àyà fún ọmọdé. Bí ìyá bá rí ẹni gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní wákàtí tí iná ẹja ń jó, kì í ṣe eré nìkan ni ọmọ náà jèrè.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ omi gbọ́dọ̀ ṣíwájú ọ̀rọ̀ eré. Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2024 sọ pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló kú sómi káàkiri ayé lọ́dún 2021, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin wọn ni kò sì tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Orí ọmọ tẹ̀ẹ́tẹ́ wúwo fún ara rẹ̀. Bó bá na ọrùn wo inú garawa, orí ló máa ń kọ́kọ́ lọ, kò sì ní agbára láti fa ara rẹ̀ jáde. Kì í pariwo pẹ̀lú. Ẹni tó bá gbọ́kàn lé e pé òun yóò gbọ́ igbe ọmọ tó bá bọ́ sómi ń ṣe àṣìṣe tó burú, nítorí omi kì í jẹ́ kí ọmọ ráyè ké. Lóòótọ́, àwọn Ìlàjẹ mọ omi. Ọmọ wọn ń lúwẹ̀ẹ́, ó sì ń tukọ̀ ní ọjọ́ orí tí ọmọ ìlú mìíràn ṣì ń bẹ̀rù àgbàrá. Ìmọ̀ ńlá ni, àmọ́ kò tíì sí lára ọmọ ọdún kan.

Nítorí náà, káfíńtà ni ìyá yìí yóò kọ́kọ́ wá. Kí ó ṣe géètì kékeré sí ẹnu ọ̀nà, èyí tó ga dé ìbàdí àgbà, kí ìkọ́ rẹ̀ wà níbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó. Òòró ni kó to pákó rẹ̀, nítorí pákó tí wọ́n bá tò ní ìbú ni ọmọ máa sọ di àkàsọ̀. Àyè àárín pákó méjì kò gbọ́dọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, kí orí ọmọ má baà há síbẹ̀. Àwọ̀n ẹja tó ti gbó wúlò fún ẹ̀gbẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí ojú rẹ̀ bá kéré tí wọ́n sì nà án dáadáa. Àwọ̀n tó dẹ̀ léwu, ó lè há mọ́ ọmọ lọ́rùn. Kí káfíńtà náà fẹsẹ̀ tẹ gbogbo pákó ilẹ̀ wò, kó sì pààrọ̀ èyí tó bá ti jẹrà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n da omi inú garawa àti báàfù nù nígbà tí wọn kò bá lò ó, kí wọ́n sì gbé bẹntiróòlù ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àti kẹrosíìnì kúrò nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, nítorí ọmọ yóò rò pé ohun mímu ni. Bó bá ṣèèṣì mu ún, kí wọ́n má fipá mú un bì. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e sáré lọ.

Bí èyí bá ti wà nílẹ̀, yàrá kan tó fún eré. Páálí ńlá tí wọ́n fi kó ọjà wá láti ìlú Igbókòdá dára ju ọ̀pọ̀ ohun ìṣeré tí wọ́n ń tà lọ. Ọmọ á wọnú rẹ̀, á jáde, á tún padà wọlé, kò ní sú u. Bí ìyá bá fi ọmọrogùn kékeré lé e lọ́wọ́, páálí ti di ọkọ̀ nìyẹn. Ọmọ tó ń wo bàbá rẹ̀ lójoojúmọ́ kò nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tukọ̀. Agolo mílíìkì tí wọ́n ti fi òòlù tẹ ẹnu rẹ̀ kó má baà gé e lọ́wọ́ yóò di ìlù. Abọ́ oníke mẹ́ta tí wọn kò tóbi bákan náà yóò di ohun tí yóò máa kó sínú ara wọn títí yóò fi mọ èyí tó gba èyí. Ọmọ oṣù mẹ́rìndínlógún kò tíì lè ṣe bojúbojú bí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n bí ìyá bá fi ìborùn bo ojú tó sì ṣí i lójijì, ẹ̀rín á bú jáde lẹ́nu ọmọ. Ohun tó ń kọ́ níbẹ̀ kò kéré: ẹni tí òun kò rí mọ́ kò tíì lọ.

Àwọn ohun kéékèèké ni kí ó ṣọ́ra fún. Ọmọ ayò, ẹ̀pà, owó onírin àti ìdérí ìgò lè há ọmọ lọ́fun. Ohunkóhun tó bá lè gba inú páálí róbótó tí wọ́n ń ká tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ kọjá, kí ó má fi sílẹ̀ fún un. Bátìrì pẹlẹbẹ róbótó, irú èyí tó wà nínú aago, tún burú ju gbogbo ìyẹn lọ, torí ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun láàárín wákàtí méjì péré.

Ọmọ tí wọ́n bí sórí omi yóò fẹ́ràn omi, kò sì yẹ kí wọ́n fi dù ú. Kí ìyá bu omi tó jìn tó ìka méjì sínú báàfù, kí ó fún un ní ife kan àti igbá kékeré, kí òun náà jókòó tì í níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó o. Bó bá yẹ kó dìde, ì báà ṣe nítorí ẹja tó fẹ́ jóná, kí ó gbé ọmọ dání. Bí eré bá parí, kí ó da omi náà nù lójú ẹsẹ̀.

Ní ìta, ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ti rọ̀ ló dára jù. Kí àgbà di ọmọ lọ́wọ́ mú lórí afárá, kí wọ́n máa ka pákó bí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n dúró wo ọkọ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n dárúkọ ohun tó kó. Ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún fún àgbà lè gba ọmọ tẹ̀ẹ́tẹ́ ní ìdajì wákàtí, kò sì pọ̀ jù. Níbikíbi tí ilẹ̀ gbígbẹ bá ṣẹ́ kù, bí àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, bọ́ọ̀lù àkísà tó fún un láti máa gbá. Bí àwọn ẹ̀gbọ́n bá ń ṣe ẹkùn mẹ́ran, kí wọ́n fà á sínú agbo, yóò sì máa pàtẹ́wọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ẹni tó ń lé ẹni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi ọmọ ọdún méje ṣe olùtọ́jú ọmọ ọdún kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi. Ọmọ ọdún méje náà ọmọdé ni, bí eré bá wọ̀ ọ́ lára, yóò gbàgbé.

Bí omi bá gbé ọmọ láìka gbogbo èyí sí, kí wọ́n má gbé e dorí kodò, kí wọ́n má sì tẹ̀ ẹ́ níkùn. Àkókò ni wọ́n ń fi ṣòfò. Kí wọ́n ké pe èèyàn, kí wọ́n tẹ́ ọmọ náà gbalaja. Bí kò bá mí, kí wọ́n gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀, kí wọ́n di imú rẹ̀ pa, kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀marùn-ún ní pẹ̀lẹ́, kí wọ́n máa wo àyà rẹ̀ bóyá ó ń gbé sókè. Bí kò bá sọjí, kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kan tẹ àárín àyà rẹ̀ nígbà 30, kí wọ́n tún fẹ́ atẹ́gùn lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé. Bó bá tiẹ̀ sọjí, kí dókítà ṣì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyá kan kò lè dá gbogbo èyí ṣe. Ìdí nìyí tí ojú ìwé yìí fi fẹ́ kí àwọn ará Ayétòrò gbọ́ nípa Bangladesh, orílẹ̀-èdè tí odò àti adágún yí ilé ká bíi tiwọn. Àwọn olùwádìí ibẹ̀ rí i pé ìtòsí ilé gan-an ni omi ti ń pa ọ̀pọ̀ ọmọdé, láàárọ̀ sí ọ̀sán, nígbà tí ìyá wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n bá dá ibi ìtọ́jú ọmọ sílẹ̀ ní abúlé. Wọ́n pè é ní Anchal, ìyẹn etí aṣọ tí ìyá ibẹ̀ fi ń bo ọmọ rẹ̀, bí ìyá Yorùbá ṣe ń fi ìborùn ṣe. Ilé ará abúlé kan ni wọ́n ń lò. Obìnrin kan tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́ àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ máa ń gba nǹkan bí ọmọ 25 láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán. Orin, ìtàn àti eré ni iṣẹ́ wọn níbẹ̀. Ikú omi dín kù gidigidi láàárín àwọn ọmọ tó ń lọ, débi pé lọ́dún 2022 ìjọba Bangladesh fọwọ́ sí ètò láti dá irú rẹ̀ 8,000 sílẹ̀.

Ayétòrò ni ìlú tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ti jọ ń jẹun, tí èrè gbogbo ń wọ àpò kan ṣoṣo fún nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó. Kò sí ìlú ní etí òkun náà tí ètò bí Anchal bá mu jù ú lọ. Yàrá kan tó lágbára, géètì kan, ìyá àgbà méjì tí ara wọn ṣì le, àti ìyá mẹ́wàá tí yóò máa dá ẹja díẹ̀ fún wọn lọ́sẹ̀ ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Kí ìyá tó kọ̀wé gbé e lọ síwájú ẹgbẹ́ àwọn tó ń yan ẹja.

Lẹ́tà kejì wá láti ọ̀dọ̀ bàbá kan ní Igbókòdá, tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó burú pé ọmọbìnrin òun, ọmọ oṣù méjìlélógún, kì í jẹun àfi bó bá ń wo àwòrán lórí fóònù. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2019 tí a mẹ́nu kàn lókè kò fọwọ́ sí wíwo àwòrán fún ọmọ ọdún kan rárá, fún ọmọ ọdún méjì kò sì gbọ́dọ̀ ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Kí bàbá gbé fóònù kúrò nídìí oúnjẹ, kí ó sì fara da ẹkún ọjọ́ mélòó kan. Kí ọmọ fi fóònù rí ìyá àgbà tó wà lókè òkun, kí wọ́n sì jọ máa sọ̀rọ̀, kò sí nínú ohun tí wọ́n kà léèwọ̀.

Lẹ́tà tó kẹ́yìn wá láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan tí ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ogún oṣù, máa ń jẹ ẹrẹ̀ níbi tó bá ti ń ṣeré. Kí ọmọ fi ẹrẹ̀ mọ nǹkan kò burú, bí wọ́n bá fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Èyí tó ń jẹ ẹ́ léraléra lè jẹ́ ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò. Kí wọ́n béèrè oògùn aràn níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ọmọ tó ti pé ọdún kan lè lò ó, wọ́n sì máa ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ ìlera ìyá àti ọmọ. Ìdajì hóró Albendazole ni ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì. Kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, kí wọ́n pò ó mọ́ omi kó tó mu ún, kí ó má baà há a lọ́fun.