Àpótí ìmọ̀: Láti Èkó dé Kútọnu

Ará Èkìtì tó bá fẹ́ fi mọ́tò lọ sí Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Benin, Èkó ni yóò kọ́kọ́ wọ̀. Láti ibẹ̀, ọ̀nà gba Àgbádárìgì lọ sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, kó tó dé Kútọnu. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 120 kìlómítà. Kò jìnnà rárá, àmọ́ ẹnubodè lè jẹ àkókò ju ìrìn lọ.

Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 gba ọmọ Nàìjíríà láyè láti lo 90 ọjọ́ ní Benin láìgba físà, bó bá ti ní ìwé ìrìnnà àti káàdì àjẹsára lọ́wọ́. Síbẹ̀, Nàìjíríà ti ẹnubodè pa lóṣù Kẹjọ ọdún 2019. Oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀.

Tí a bá ti kọjá, sẹ́fà gba ipò náírà. Ọlọ́kadà ibẹ̀, tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè, ń jẹ́ zemidjan. Aago kò yí padà. Ó di Lomé ní Tógò kí a tó dá a sẹ́yìn ní wákàtí kan.